Aràn Tó Ń Yé Ẹyin Lóru

Bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi bá ń họ ìdí lóru ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Àgọ́-Ìwòyè, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé súìtì ló lá jù, jẹ̀díjẹ̀dí ti dé. Ó di kí wọ́n wá àgbo. Ṣúgà kì í bí aràn o!

Aràn funfun tín-ín-rín bí òwú ló ń fà á. Bí ọmọ bá ti sùn, abo rẹ̀ á jáde wá yé ẹyin sétí ihò ìdí. Ọmọ á họ ọ́, ẹyin á wọ abẹ́ èékánná, àkàrà àárọ̀ á sì gbé e padà sẹ́nu. Ẹyin náà lè wà láàyè fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 lórí aṣọ ìbùsùn.

Lórí ẹyin yìí làwọn òbí ọ̀dọ́ ti ń ṣì í. Oògùn albendazole àti mebendazole ń pa aràn, wọn kì í pa ẹyin. Ìmọ̀ràn àgbà fún wọn ni pé kí gbogbo ilé lo ọ̀kan nínú oògùn náà lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n sì tún un lò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, títí kan bàbá tó ní nǹkan kan ò ṣe òun. Aláboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà.

Kí wọ́n gé èékánná ọmọ, kí wọ́n fọ ìdí rẹ̀ láàárọ̀, kí wọ́n má sì gbọn aṣọ ìbùsùn nínú yàrá.