ÀPÓTÍ ÌMỌ̀: Ta ló ni fáìlì inú ímééjì?

Fáìlì Linux kọ̀ọ̀kan ni ó ní ẹni tó ni ín, tí ẹ̀rọ ń fi nọ́ńbà dá mọ̀, àti àṣẹ: 4 fún kíkà, 2 fún kíkọ, 1 fún ṣíṣiṣẹ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Jos bá ń kó odidi ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà jọ sínú ímééjì, tí nọ́ńbà tirẹ̀ sì jẹ́ 1000, 1000 ni yóò ni gbogbo fáìlì tó bá dá síbẹ̀, nítorí ẹni tó lẹ́rú ló lẹ́rù. Bẹ́ẹ̀ sudo, ètò tó ń jẹ́ kí ènìyàn fi agbára alákòóso ẹ̀rọ pàṣẹ, kò ní ṣiṣẹ́ àfi bí 0, èyíinì root (alákòóso náà), bá ni ín. Kí ó fi agbára root pàṣẹ yìí:

chown 0:0 usr/bin/sudo
chmod 4755 usr/bin/sudo

4 àkọ́kọ́ ni ó ń jẹ́ kí sudo fi àṣẹ root ṣiṣẹ́. 7 (4+2+1) jẹ́ ti root, 5 (4+1) ti ẹgbẹ́ àti ti gbogbo ènìyàn. Ẹ kíyè sí i gidigidi pé chown ní í ṣáájú, torí chown a máa pa 4 àkọ́kọ́ náà rẹ́.