Irinṣẹ́ Tí A Fi Ń La Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Tó Dí
Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé ẹgbẹ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, àwọn àgbà ní ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fẹ́ràn láti máa sọ ní àwùjọ, ṣùgbọ́n kò sí agboolé tí kò kàn. Ní Ṣakí, Ìsẹ́yìn àti àwọn ìlú Òkè-Ògùn yòókù, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti fi owó àjẹṣẹ́kù tàbí ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ kọ́ ilé, tí wọ́n sì gbé àwo ìgbọ̀nsẹ̀ olómi sí i dípò ṣáláńgá. Bí àwo yìí bá dí, tí a kò sì tètè là á, inú igbó àti ẹ̀yìn àpáta ni àwọn ọmọ wa yóò tún padà sí. Bí òjò bá rọ̀, àgbàrá á gbá ẹ̀gbin náà lọ sínú kànga àti odò. Ọ̀nà tí àrùn onígbá-méjì ń gbà wọ ìlú nìyẹn. Ní ọdún 2021 nìkan, ẹni tó lé ní 3,500 ni àkọsílẹ̀ sọ pé àrùn náà pa ní Nàìjíríà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́ nípa irinṣẹ́ tí a fi ń là á, èyí tí a ó kọ́kọ́ lò àti èyí tí yóò tẹ̀ lé e.

1. Ọ̀nà tí omi ń gbà

Lábẹ́ àwo ìgbọ̀nsẹ̀, páìpù rẹ̀ ká bí ọrùn lékeléke. Omi díẹ̀ máa ń dúró síbẹ̀ nígbà gbogbo, òun ni kì í jẹ́ kí òórùn inú táńkì padà wọ ilé. Alexander Cumming, ọmọ Sikọ́tíláǹdì kan tó ń ṣe aago ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n yìí ní ọdún 1775. Ṣùgbọ́n ibi tó ká yìí náà ni nǹkan ti máa ń há. Láti ibẹ̀, páìpù lọ sí kòtò kékeré onídèérí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, èyí tí àwọn plọ́ńbà ń pè ní chámbà. Láti chámbà ó lọ sí táńkì, láti táńkì ó lọ sí súkọwéè, níbi tí ilẹ̀ ti ń fa omi mu.

Ibi mẹ́rin ni ó ti lè dí: ọrùn àwo, páìpù tó lọ sí chámbà, páìpù tó lọ sí táńkì, àti táńkì tàbí súkọwéè fúnra wọn. Irinṣẹ́ tó wúlò fún ọ̀kan lè má wúlò fún èkejì.

2. Ohun tó ń dí i

Àkọ́kọ́ ni àìtó omi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí kànga bá ń gbẹ, abọ́ omi kan ni ọ̀pọ̀ ń dà sí i dípò garawa. Omi náà kò lágbára tó láti ti ìgbọ̀nsẹ̀ kọjá ọrùn páìpù. Ẹ má da omi tí a fi fọ aṣọ nù. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú kẹ̀ǹgbẹ̀ tàbí dúrọ́ọ̀mù fún iṣẹ́ yìí.

Èkejì ni ohun tí kò yẹ kó wọ ibẹ̀: ṣùkù àgbàdo, ìwé ìròyìn, pámpásì ọmọdé, pádì obìnrin, àmàlà àṣẹ́kù, àti iyanrìn tàbí eérú tí a fi fọ ìkòkò. Ní agboolé àwọn tó ń hun aṣọ òkè, ẹ ṣọ́ra fún àjákù òwú. Òwú kì í tètè jẹrà, ó ń lọ́ mọ́ra, gbogbo ohun tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ló sì máa ń mú.

3. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó ti dí

Kí ẹ tó mú irinṣẹ́ kankan, ẹ dáwọ́ omi dídà dúró, kí àwo má baà kún dà sí ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo balùwẹ̀. Bí omi balùwẹ̀ bá ń lọ dáadáa, tí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ló dúró, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọrùn àwo ló dí. Bí omi balùwẹ̀ bá ń ru jáde tàbí tí àwo ń hó gulugulu, ìdínà náà wà níwájú.

Ẹ ṣí chámbà wò. Bí ó bá gbẹ, àárín ilé sí chámbà ni ìdínà wà. Bí ó bá kún, àárín chámbà sí táńkì ni, tàbí kí ó jẹ́ pé táńkì ti kún. Nígbà òjò, súkọwéè lè kọ̀ láti fa omi mu nítorí pé ilẹ̀ ti mu omi yó. Èyí wọ́pọ̀ níbi tí àpáta kò jìnnà sí ojú ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ibi ní Òkè-Ògùn.

4. Àwọn irinṣẹ́

(a) Omi gbígbóná àti ọṣẹ. Ẹ da ọṣẹ olómi sínú àwo, kí ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìdajì garawa omi gbígbóná. Omi tó ń hó kò dára, ó lè sán àwo. Ẹ fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí. Bí ó bá jẹ́ ìgbọ̀nsẹ̀ àti bébà nìkan ni, ó lè yòrò.

(b) Plọ́ńjà. Èyí ni rọ́bà tó dà bí igbá tí a fi igi há nídìí. Ẹ ra irú èyí tó ní ètè rọ́bà tó yọ sísàlẹ̀, tó lè wọnú ihò àwo. Èyí tó rí pẹrẹsẹ, ti ibi ìfọwọ́ ni. Omi gbọ́dọ̀ bo rọ́bà náà. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí ẹ tó máa tì í, kí ẹ máa fà á, tó ìgbà ogún. Ọ̀pọ̀ ń tì í nìkan, wọn kì í fà á. Fífà yìí ló ń tú ohun tó há. Ẹni tí kò ní plọ́ńjà lè fi ọ̀rá di orí mọ́ọ̀bù dáadáa, kó lò ó bákan náà.

(d) Wáyà oníkọ́rọ́. Èyí jẹ́ wáyà tó lọ́ bí spíríǹgì, tó gùn tó mítà kan, tó ní ọwọ́ tí a fi ń yí i. Òun ni ó yẹ fún àkísà, pádì àti òwú, nítorí pé ó ń fà wọ́n jáde. Ẹ má fi ọ̀pá irin líle rọ́pò rẹ̀. Irin ń fọ́ àwo, owó àwo tuntun sì ju owó wáyà lọ.

(e) Ọ̀pá alásopọ̀. Èyí jẹ́ ọ̀pá tó ń tẹ̀, tí a ń so mọ́ra wọn, tí a ń tì gba inú chámbà. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni kí ẹ máa yí i sí. Bí ẹ bá yí i sí òsì, oríkèé rẹ̀ á tú, á sì kù sínú páìpù. Àwọn kan ń lo ọparun. Ó lè ṣiṣẹ́ níbi tó tọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá kán sínú, ìdínà di méjì.

(ẹ) Ọkọ̀ tó ń fa táńkì. Bí táńkì bá ti kún, kò sí irinṣẹ́ ọwọ́ tó lè ràn wá lọ́wọ́. Owó la ó san.

5. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe

Ẹ má da ásíìdì bátírì sí àwo. Ẹ má sì pa ásíìdì pọ̀ mọ́ bílíìṣì bíi Hypo tàbí Jik láéláé, nítorí pé afẹ́fẹ́ olóró ló ń jáde níbẹ̀. Kọ́síìkì tí a fi ń se ọṣẹ náà ń jó ojú àti ọwọ́. Ẹni tó bá sì wá ki plọ́ńjà bọ inú rẹ̀ lẹ́yìn náà, á ta sí i lójú.

Èyí tó ga jù lọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ inú táńkì tàbí súkọwéè, ìbáà ṣe láti mú ọ̀bẹ tó bọ́ síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè dá ènìyàn dùbúlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó bá fò wọlé láti gbà á náà lè kú tẹ̀ lé e. Ẹ má sì ṣáná létí rẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ náà lè gbaná.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ títí dé ìgùnpá. Ẹ fọ irinṣẹ́ jìnnà sí kànga, kí ẹ sì sá a sí oòrùn.

6. Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe

Plọ́ńjà kò wọ́n, ó yẹ kí agboolé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n wáyà oníkọ́rọ́ àti ọ̀pá alásopọ̀ wọ́n, ẹnìkan sì lè má lò wọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún méjì. Tí ogún ọmọ ẹgbẹ́ bá ra ogún, mọ́kàndínlógún á wà ní yàrá, ìpatà á máa jẹ wọ́n. Láti ìgbà tí òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti kọ́kọ́ wáyé ní Nàìjíríà ní ọdún 1935, irú nǹkan báyìí gan-an ni ẹgbẹ́ wà fún.

Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ra ẹyọ kan. Kí a yan olùtọ́jú kan, kí ó ní ìwé tí yóò máa kọ orúkọ ẹni tó yá a àti ọjọ́ tó dá a padà sí. Kí ẹni tó yá a san owó díẹ̀ fún àtúnṣe. Kí ó fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi bílíìṣì kó tó dá a padà. Ẹni tó bá sọ oríkèé kan nù ni yóò rà á padà. Àwọn kan lè ní àwọn kò lè lo ohun tó ti wọ àwo ẹlòmíràn. Ìdáhùn wa ni pé irinṣẹ́ tí a fọ̀ sàn ju kànga tí ẹ̀gbin wọ̀ lọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Àwọn ìbéèrè fún ìpàdé

1. Chámbà kún, àwo sì kún. Níbo ni ìdínà wà, irinṣẹ́ wo ni ó sì yẹ?
2. Kí ló dé tí fífà plọ́ńjà fi ṣe pàtàkì bíi títì í?
3. Ọmọ kan rí fóònù rẹ̀ tó bọ́ sínú táńkì, ó fẹ́ wọlé lọ mú un. Kí ni kí a sọ fún un?
4. Èló ni irinṣẹ́ ẹgbẹ́ yóò jẹ́ ní ọjà wa, ta sì ni kí ó tọ́jú rẹ̀? Kí akọ̀wé kọ ìpinnu ìpàdé sílẹ̀.