Sí Ẹ̀yin Ọmọbìnrin Wa ní Ash Town

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń wọ ọkọ̀ trotro láti Ash Town, níbí ní Kumasi, lọ sí yunifásítì KNUST láràárọ̀, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ ń gboyè jáde, èsì ìdánwò yín sì dára, àmọ́ kété tí ẹ bá ti sin ìlú tán, ìsọ̀ ìyá yín àti ilé ọkọ ni ọ̀pọ̀ yín ń forí lé. Ẹ ka orúkọ tó wà lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì àwọn olùkọ́ yín. Ti obìnrin mélòó ló wà níbẹ̀?

Ọdún 1952 ni ilé ẹ̀kọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀. Ọdún 2020 ni obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ di Gíwá ibẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Rita Akosua Dickson. Nílé lọ́hùn-ún ní Nàìjíríà, ọdún 1985 ni Grace Alele-Williams ti di Gíwá Yunifásítì Benin.

Ibi tó ti ń wọ́ kò fara sin. Olùkọ́ yunifásítì gbọ́dọ̀ gboyè ọ̀mọ̀wé, kó sì máa tẹ ìwádìí jáde kí wọ́n tó gbé e ga. Ọdún wọ̀nyẹn gan-an ni ọdún ọmọ bíbí. Bí ọkùnrin ṣe ń kọ̀wé lóru, obìnrin ń fọ́mọ lọ́mú. (Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má bínú: ọmọ tí a jọ bí, ó yẹ ká jọ pọ̀n ọ́n.)

Nítorí náà, kí ẹ tó parí ọdún ìkẹyìn, ẹ lọ bá olùkọ́ yín, ẹ bèèrè àyè olùrànlọ́wọ́ ìkọ́ni fún ọdún ìsìnlú yín. Ẹni tí ẹ bá sì fẹ́ fẹ́, ẹ jẹ́ kó gbọ́ nípa oyè ọ̀mọ̀wé tí ẹ fẹ́ gbà kí ẹ tó gba òrùka lọ́wọ́ rẹ̀.