Láti Ẹ̀yìn Eégún dé Ojú Sinimá: Ìgbà Èwe Hubert Ògúndé àti Iṣẹ́ Rẹ̀ Gẹ́gẹ́ Bí Òṣèré

Ìfáárà

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí ni ìgbà èwe Olóyè Hubert Adédèjì Ògúndé àti ipa tí ìgbà èwe náà kó nínú àwọn fíìmù tí ó ṣe nígbà tí ó dàgbà tán. Ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ eré oníṣe ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ láti ọdún 1944, nígbà tí ó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó. Àgbàlagbà ni ó jẹ́ nígbà náà. Bí a bá gba ìbẹ̀rẹ̀ yìí bẹ́ẹ̀, yóò dà bí ẹni pé àgbàlagbà kan tí ó ti ṣe tíṣà, tí ó sì ti ṣe ọlọ́pàá, kàn ṣàdédé já sí ìdí eré ni. Èrò tiwa yàtọ̀ sí èyí. A gbà pé ọmọdé ni Ògúndé bẹ̀rẹ̀, pé ẹ̀yìn eégún alárìnjó ni ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, àti pé ohun tí ó kọ́ níbẹ̀ ni ó gbé wọ inú fíìmù nígbà tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ní àwọn iléèwé tí ó wà ní Mowé, Ìbàfò àti Ìfọ̀, ní ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà tí a ti bí Ògúndé, agbára káká ni olùkọ́ Yorùbá fi lè wọ kíláàsì kan tí kò ní bá ọmọ tí ó fẹ́ di òṣèré níbẹ̀. Èrò Èkó ni ó ń ya wọ àwọn ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń rí fíìmù Yorùbá lójoojúmọ́, wọ́n mọ orúkọ àwọn òṣèré ju orúkọ àwọn odù Ifá lọ. Ìbéèrè wọn kì í ju ẹyọ kan lọ: ọmọ ọdún mélòó ni ènìyàn lè bẹ̀rẹ̀? Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú ìyẹn ni pé: ọ̀dọ̀ ta ni yóò ti kọ́ ọ?

Ilé Méjì Tí Ó Tọ́ Ọ

Ọdún 1916 ni a bí Ògúndé ní Òsósà, ìlú kékeré kan nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Jeremiah Dẹ̀hìnbọ̀ Ògúndé, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi, ni bàbá rẹ̀. Ní ti ìdílé ìyá rẹ̀, onífá ni bàbá àgbà, ọmọdé náà sì gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, etí kan ń gbọ́ orin ìjọ, etí kejì ń gbọ́ ẹsẹ Ifá. Àwọn òǹkọ̀wé kan máa ń làkàkà láti sọ èwo nínú ilé méjèèjì ni ó ni Ògúndé. A kò rí ìdí fún làkàkà yẹn. Ọmọ tí ó bá mọ ohùn méjì ti ní ju ohùn kan lọ láti fi ṣeré.

Ó lọ sí iléèwé ní Òsósà, ó lọ sí Èkó, ó sì parí rẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí ó wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ó bá àwọn eégún alárìnjó ṣeré. A mọ orúkọ méjì nínú wọn: Dáramọ́lá Àtẹ́lẹ̀ àti Ẹkùn Oko. Kí á rò ó wò: ọmọ oníwàásù ni ó ń tẹ̀lé eégún. Àwọn tí ó mọ bí ìjọ Kírísítẹ́nì ṣe ń wo eégún ní àwọn ọdún 1920 yóò mọ̀ pé ohun kékeré kọ́ ni èyí.

Ẹ̀kọ́ Tí Ń Bẹ Lẹ́yìn Eégún

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òde òní kò fi bẹ́ẹ̀ rí alárìnjó sójú mọ́. Eégún alárìnjó, tí àwọn mìíràn ń pè ní apidán, yàtọ̀ sí eégún tí ń jáde fún ètùtù tàbí fún ìrántí òkú. Eré ni iṣẹ́ tirẹ̀. Láàfin Ọ̀yọ́ ni àwọn onímọ̀ tọ orírun rẹ̀ lọ, láti ibẹ̀ ni ó sì ti di iṣẹ́ ìdílé tí àwọn ọlọ́jẹ̀ ń gbé káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Bàbá ni olórí, ìyàwó àti ọmọbìnrin ni elégbè, àwọn ọmọkùnrin ni ń pa idán, onílù sì jẹ́ ará ilé tàbí àna.

Eré náà ní ètò tí kì í yẹ̀. Ìjúbà ni yóò ṣíwájú. Lẹ́yìn ìjúbà, ijó. Lẹ́yìn ijó, idán ní oríṣiríṣi: eégún á di erè, á di ọ̀nì, á di Tápà, á di òyìnbó aláwọ̀ pupa tí imú rẹ̀ gùn, á di ọ̀mùtí, á di ìyàwó tí kò mọ ọbẹ̀ sè. Orin àti ijó ìdágbére ni yóò kásẹ̀ eré nílẹ̀.

Kí ni ọmọdé ń rí kọ́ nínú èyí? Ó ń kọ́ òkìtì títa àti orin gbígbè. Ó ń kọ́ bí a ṣe ń pààrọ̀ aṣọ kí onílù tó lu ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ó ń kọ́ ẹ̀sà pípè, tí í ṣe ẹ̀kọ́ ìmí mímí àti ẹ̀kọ́ ìrántí lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lójú tiwa ni pé ó ń kọ́ bí a ti ń ṣeré láìlo ojú. Aṣọ ti bo òṣèré látòkè délẹ̀. Bí yóò bá pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀, èjìká àti ohùn ni yóò fi pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni yóò tún kọ́ láti wo èrò: ó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí idán kan ti pẹ́ jù lójú agbo, kí owó tó dáwọ́ dúró.

Tíṣà, Ọlọ́pàá, Olórí Ẹgbẹ́

A ó sáré kọjá níbí, nítorí àwọn ìwé mìíràn ti kún fún un. Ògúndé ṣe tíṣà, ó sì ń tẹ dùùrù ní ìjọ ní àwọn ọdún 1930. Ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní 1941. Ní oṣù kẹfà ọdún 1944, ìjọ Aládùúrà kan ní Èkó ní kí ó ṣe eré kan fún àwọn. Ìtàn ọgbà Édẹ́nì ni ó fi ṣe é. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ tí eré di oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ó fi eré sọ̀rọ̀ lórí ìdaṣẹ́sílẹ̀ ọdún 1945; ó ṣe òmíràn lórí àwọn awakùsà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Enúgu ní oṣù kọkànlá ọdún 1949. Ìjọba amúnisìn fi òfin de eré rẹ̀ ní ìlú mélòó kan. Nígbà tí òmìnira dé, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn náà fi òfin dè é ní 1964 nítorí Yorùbá Ronú, títí di 1966 tí ìjọba ológun tú u sílẹ̀.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ so mọ́ eégún. Nígbà tí Ògúndé polówó pé òun ń wá obìnrin tí yóò ṣeré, kò rí ẹnì kan. Àwọn òbí kò fẹ́ kí ọmọ wọn di aláàárìn. Ó tún ìpolówó náà ṣe pé akọ̀wé obìnrin ni òun ń wá, àwọn tí ó wá sì ni ó kọ́ ní eré. Bí wọ́n bá sì mọṣẹ́ tán, ọkọ yóò fẹ́ wọn lọ. Nígbẹ̀yìn, òun fúnra rẹ̀ ni ó fẹ́ àwọn òṣèré obìnrin inú ẹgbẹ́ náà, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sì dàgbà sínú eré. Àwọn kan fi èyí ṣe ẹ̀fẹ̀, àwọn kan sì bá a wí. Ẹni tí ó bá mọ ilé ọlọ́jẹ̀ kò ní ṣàì rí i pé ẹgbẹ́ òṣèré tí ó jẹ́ ìdílé ni Ògúndé bá lójú agbo nígbà tí ó wà lọ́mọdé.

Ògúndé Nínú Fíìmù

Fíìmù Yorùbá àkọ́kọ́ tí ó tó gbangba sùn lọ́yẹ́ ni Àjàní Ògún ní 1976, tí Ọlá Balógun darí. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní 1979, Ọlá Balógun yìí kan náà ni ó darí Ayé fún Ògúndé. Eré orí ìtàgé ni Ayé kí ó tó di fíìmù. Jáyésinmi tẹ̀lé e ní 1980, Àròpin N Tènìyàn ní 1982, Àyànmọ́ sì dé ní 1988. Ògúndé fúnra rẹ̀ ni òṣèré àgbà inú wọn. Nínú Ayé àti Jáyésinmi, òun ni Ọ̀ṣẹ́túrá, adáhunṣe tí ń bá àwọn àjẹ́ wọ̀jà kí ìlú lè rójú.

Àwọn alárìíwísí kan rojọ́ pé fíìmù wọ̀nyí ń falẹ̀, pé ijó pọ̀ jù nínú wọn, pé ẹ̀rọ ayàwòrán kàn dúró sójú kan bí òǹwòran tí ó jókòó ní gbọ̀ngàn. Òótọ́ wà nínú ẹ̀sùn náà. Ṣùgbọ́n bí a bá wo Ọ̀ṣẹ́túrá dáadáa, a ó rí i pé ojú kọ́ ni òṣèré yìí fi ń ṣeré. Wo ìrìn rẹ̀. Wo bí ó ṣe ń dúró kí ó tó pe ọfọ̀, bí ọfọ̀ náà ṣe ń ga díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ojú rẹ̀ yí padà. Ẹni tí a kọ́ láti fi ara àti ohùn nìkan sọ ìtàn ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ayàwòrán tí ó bá sún mọ́ irú òṣèré báyìí jù yóò pàdánù ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì ni ìtàn wà.

Ti idán ńkọ́? Àjẹ́ ń yí padà, iná ń jó níbi tí a kò ti dá a, ènìyàn ń pòórá. Àwọn ará ìlú tí ó wò ó ní àkókò náà kò gbà pé ọgbọ́n ẹ̀rọ ni. Ọ̀pọ̀ gbà pé awo gidi ni Ògúndé. Òun kò yára já wọn nírọ́, nítorí ẹ̀kọ́ kìíní lẹ́yìn eégún ni pé ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà nínú aṣọ kì í wí. Àwa kò gbà pé ẹ̀tàn ni. Onídán tí ó bá ń túmọ̀ idán rẹ̀ lójú agbo ti ba agbo jẹ́.

Bákan náà ni fíìmù náà rìn kiri bí alárìnjó. Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń fi í hàn ní gbọ̀ngàn àti ní iléèwé, tí wọ́n ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Ìṣirò ọrọ̀ ajé wà nínú èyí, nítorí ẹni tí ó bá fi fíìmù rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ lè má rí owó gbà.

Iṣẹ́ tí ó kẹ́yìn yàtọ̀. Nínú Mister Johnson, fíìmù tí Bruce Beresford darí láti inú ìwé Joyce Cary, tí a yà ní Nàìjíríà, tí ó sì jáde ní 1990, Ògúndé kò ní ẹgbẹ́ lẹ́yìn, kò ní ọfọ̀, kì í sì í ṣe òun ni ó ni eré. Bíi Brimah ni ó ṣe níbẹ̀, lábẹ́ àṣẹ ẹlòmíràn, ní èdè ẹlòmíràn. Ó tó ọgọ́ta ọdún tí ó ti ń ṣeré kí ó tó di òṣèré lásán, tí ó gba ipa tirẹ̀ tí ó sì ṣe é.

Àwọn Ọmọdé Tí Ó Tẹ̀lé E

Nígbà tí Jídé Kòsọ́kọ́, tí a bí ní Èkó ní 1954, di òṣèré ní 1964, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Eré Mákanjúọlá ni ó ti kópa, kì í sì í ṣe ẹ̀yìn eégún ni ó gbà wọlé. Síbẹ̀, nígbà tí ó dàgbà, ẹgbẹ́ eré tirẹ̀ ni ó dá sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà ìgbà náà. Láti òpin àwọn ọdún 1980, owó fíìmù wọ́n, ìlú le, sinimá àgbéléwò sì gba ipò ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò. Kò ṣòro mọ́ fún ọmọdé láti fara hàn nínú eré. Ọjọ́ kan péré lè tó. Ohun tí ó ti lọ ni ọdún mẹ́wàá tí ó máa ń wà láàárín ọjọ́ tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìlù àti ọjọ́ tí yóò gbé ẹ̀kú wọ̀.

Olùkọ́ kan kò lè di ilé ọlọ́jẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè kọ́ ọmọ ní ìjúbà, ó lè kọ́ ọ ní ẹ̀sà, ó lè fi aṣọ bò ó lójú kí ó ní kí ó pa kíláàsì lẹ́rìn-ín. Ó sì lè kó àwọn ọmọ wọ ọkọ̀. Láti Mowé àti Ìbàfò, ọ̀nà Ṣágámù ni wọn yóò gbà dé Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn ti Ìfọ̀ lè gba Abẹ́òkúta yọ. Láti Ìjẹ̀bú-Òde kò jìnnà mọ́ sí Òsósà, níbi tí Ògúndé ti tẹ̀lé eégún, tí a sì sin ín sí lẹ́yìn tí ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 1990.