Lẹ́tà sí Àjọkẹ́, tí yóò bá Màmá lọ sí ọsibítù

Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Bàbá rẹ sọ fún mi lórí fóònù pé Màmá tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin yín yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní ọrùn ọwọ́ wọn wú, pé àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́dé ti fi páálí àti báńdéèjì dì í, wọ́n sì ti kọ ìwé pé kí Màmá lọ ya X-ray ní ọsibítù ìjọba lọ́jọ́ Ajé. Ìwọ ni ìjọ ní kó tẹ̀ lé wọn, nígbà tí ọkọ wọn wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá. Inú mi dùn pé ìwọ ni. Mo ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì mọ̀ pé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, lílọ bíbọ̀ láti ojú fèrèsé kan sí òmíràn máa ń tán aláìsàn lókun ju ọwọ́ tó ń dùn ún lọ.

Ohun àkọ́kọ́ ni orúkọ. Gbogbo ìjọ mọ Màmá sí Ìyá Akọrin, àwọn aládùúgbò ń fi orúkọ àkọ́bí wọn pè wọ́n, kò sì sí èyí tó wúlò nínú méjèèjì ní yàrá káàdì. Orúkọ bàbá wọn lè wà lórí káàdì tí wọ́n gbà nígbà oyún, kí orúkọ ọkọ wà lórí ìwé adójútòfò ìlera, kí ti NIN sì tún fi lẹ́tà kan yàtọ̀. Mo ti rí i léraléra tí aláìsàn tò títí dé ojú fèrèsé, tí wọ́n sì ní kó padà lọ nítorí pé orúkọ kò bára mu. Ní kí Màmá kó gbogbo ìwé wọn sínú àpò kan lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Èyí tó wà lórí adójútòfò ni kí ẹ máa dárúkọ. Bí wọ́n bá ti ní fáìlì ní ọsibítù náà tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n ṣí tuntun, torí inú ti àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru àti oògùn tí ara wọn kì í gbà wà.

Ọ̀rọ̀ adójútòfò yẹn gba àkíyèsí. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2022 ló dá àjọ NHIA sílẹ̀, òun náà ló sọ ọ́ di dandan kí gbogbo èèyàn ní adójútòfò ìlera. Ìyàwó òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wà lábẹ́ ti ọkọ rẹ̀. Àmọ́ ilé ìwòsàn kan pàtó ni wọ́n kọ orúkọ Màmá sí, ibẹ̀ ló sì yẹ kó kọ ìwé tó ń darí wọn lọ sí ọsibítù ńlá, kí ibẹ̀ sì bá wọn gba kóòdù àṣẹ lọ́wọ́ HMO, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó adójútòfò wọn. Bí ilé ìwòsàn alábọ́dé tí ẹ sáré gbé wọn lọ lọ́jọ́ Sátidé kì í bá ṣe ibẹ̀, ìwé ọwọ́ wọn lè má ṣiṣẹ́ fún adójútòfò, àpò ara wọn ni wọn yóò sì fi sanwó. Tẹ ilé ìwòsàn tiwọn láago lónìí. Bí kóòdù bá tiẹ̀ wà, Màmá yóò ṣì san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn, nítorí náà ẹ mú owó dání, kí ẹ má gbọ́kàn lé POS nìkan. Gbogbo rìsíìtì ni kí o tọ́jú.

Ẹnì kan lè sọ fún ọ pé Òfin Ìlera ti 2014 kò gbà kí ilé ìwòsàn kankan kọ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì, pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè san ₦100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6. Òótọ́ ni, ó sì dára kí o mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n má fi bá ẹnikẹ́ni jà lọ́jọ́ Ajé. Bí wọ́n bá gbé ẹni tí ọkọ̀ gbá wọlé, tí dókítà dìde kúrò níwájú yín, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹ sì bá ẹni náà gbàdúrà nínú ọkàn yín.

Ibi tí mo fẹ́ kí o fi ọkàn sí jù lọ nìyí. Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, Màmá ni kó fẹnu ara wọn sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ló ń dùn wọ́n, ẹnu kò dùn wọ́n. Dókítà ọ̀dọ́ yóò rí i pé o gbọ́ èèbó, ojú rẹ ni yóò máa wò, ìwọ ni yóò sì máa bi ní ìbéèrè nípa obìnrin tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ. Yí ojú rẹ sí Màmá, kí o dúró. Bí èdè bá le, fi pẹ̀lẹ́tù ní kí dókítà ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá. Òfin 2014 yẹn kan náà sọ pé kí a fi èdè tó yé aláìsàn bá a sọ̀rọ̀ níwọ̀n bó bá ti ṣeé ṣe. Bírò àti ìwé ni tìrẹ. Kọ orúkọ oògùn, iye ìgbà tí wọn yóò lò ó lójúmọ́, àti ọjọ́ tí wọ́n ní kí ẹ padà wá. Bí dókítà bá fẹ́ béèrè ohun tó jinlẹ̀, bi Màmá bóyá kí o bọ́ síta.

Ohun tí o bá sì gbọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ ni kó mọ. Mo mọ bí ìjọ ṣe rí. Kí ẹ tó délé, wọn yóò ti máa béèrè lórí WhatsApp, akọ̀wé ìjọ yóò sì fẹ́ fi í sínú ìkéde. Ìfẹ́ ló ń ṣe wọ́n, mi ò bú wọn. Béèrè lọ́wọ́ Màmá ohun tí wọ́n fẹ́ kí ìjọ gbọ́, ìyẹn nìkan ni kí o sọ, fún fíkà pàápàá.

Ṣé ẹ ti bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà tó wà lọ́wọ́ náà? Bí kò bá tíì kúrò, ẹ fi ọṣẹ yọ ọ́ kíákíá kó tó wú sí i. Bí wọ́n bá di POP fún Màmá, kí wọ́n máa gbé ọwọ́ náà sókè lórí ìrọ̀rí. Bí àwọn ìka bá wú, tí wọ́n ń tutù, tí wọ́n yí àwọ̀ padà tàbí tí wọ́n ń kú tipiri, ẹ gbé Màmá padà sí ọsibítù lóru ọjọ́ náà, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà kan yóò ní kí ẹ gbé Màmá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun kí wọ́n fi òróró wọ́ ọ. Bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n má gbà. Mo ti tọ́jú ọwọ́ tí wọ́n dì le jù tí ẹ̀jẹ̀ ò fi rìn mọ́, tí a sì gé e.

Bí eegun bá ti ṣẹ́, ó lè tó ọ̀sẹ̀ 6 tí Màmá kò ní lè ró ìró fúnra wọn, tàbí kí wọ́n gbé omi. Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ má ṣe dà bò wọ́n lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ kí ẹ wá gbàgbé wọn lọ́sẹ̀ kẹta. Ẹ pín in láàárín ara yín: ẹni tí yóò wá láàárọ̀, ẹni tí yóò se ọbẹ̀, ẹni tí yóò bá wọn padà sí kíníìkì.

Bí àbájáde X-ray bá ti jáde, pè mí kí o ka ohun tí dókítà kọ fún mi, bí Màmá bá gbà bẹ́ẹ̀.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.