Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Áísì Tó Kú àti Àrọ́pò Rẹ̀

Ẹni tó bá ti jókòó rí ní ṣọ́ọ̀bù atúnrédíòṣe kò ní béèrè ohun tó ń jẹ́ áísì. Ó ti rí i, dúdú pẹlẹbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ tò bí ti ọ̀kùn. Ó sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ oníṣẹ́: “Áísì rẹ̀ ló jóná, kò sì sí lọ́jà mọ́.”

Bẹ́ẹ̀ ló rí fún àwọn tó ní kọ̀ǹpútà Commodore 64, tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1982. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kógbá sílé ní 1994. Áísì kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ PLA, ẹsẹ̀ 28 ló ní. Ẹsẹ̀ 16 ni ìbéèrè ń gbà wọlé, ẹsẹ̀ 8 ni ìdáhùn ń gbà jáde. Òun ló ń tọ́ka sí áísì tí yóò dá ọpọlọ kọ̀ǹpútà lóhùn. Ó máa ń gbóná. Bó bá kú, tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n so mọ́ kọ̀ǹpútà náà á ṣókùnkùn.

Àwọn olùfẹ́ kọ̀ǹpútà yìí wá ń ra áísì òde òní tí oníṣẹ́ lè to inú rẹ̀ bó ṣe fẹ́. Xilinx gbé irú rẹ̀ tó ń jẹ́ FPGA jáde ní 1985. Fún PLA, àbúrò rẹ̀, CPLD, ti tó.

Ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Wọ́n á ní, “Ṣebí bí a ṣe ń kó orin sínú mẹ́mórì káàdì ni?” Rárá o. Áísì yìí kì í ka àṣẹ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí wáyà inú rẹ̀ ṣe so pọ̀ ni oníṣẹ́ ń yí padà.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ wo gílóòbù yàrá rẹ̀. Bí NEPA bá mú iná wá, ÀTI pé súìṣì wà ní títàn, gílóòbù á tàn. Ta ló pàṣẹ fún un? Kò sẹ́ni. Bí wáyà ṣe so pọ̀ ni. Bí NEPA bá mú iná wá, TÀBÍ jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, fáànù á yí. Ta ló pàṣẹ? Kò sẹ́ni. Bí wáyà ṣe so pọ̀ ni. ÀTI, TÀBÍ, KÌ Í ṢE: ohun tí PLA fi ń dáhùn nìyẹn. Bí iná bá sì dé, gbogbo gílóòbù àdúgbò tí súìṣì wọn wà ní títàn ló ń tàn pọ̀. Ọ̀kan kì í dúró de èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú áísì yìí.

Àwọn kan gbìyànjú ọ̀nà mìíràn: wọ́n kọ gbogbo ìdáhùn, 65,536, sínú áísì ìrántí. Ìdáhùn náà tọ̀nà, àmọ́ bó bá ń kúrò lórí ọ̀kan bọ́ sórí òmíràn, ó lè ṣi ọ̀rọ̀ sọ fún ìṣẹ́jú àáyá bíńtín, kọ̀ǹpútà á sì dà rú. Ọmọ tó da ìṣirò ẹlòmíràn kọ kò mọ ìṣirò.

Kí ẹni tó ń ta àrọ́pò kọ “àrọ́pò” sára rẹ̀. Àwọn kan ń fá orúkọ ara áísì pọ́ọ́kú, wọ́n á tẹ orúkọ èyí tó wọ́n sí i. Jìbìtì nìyẹn, kò sì yẹ ọmọlúàbí. Olóòótọ́ á fi ẹsẹ̀ 28 náà sí àyè rẹ̀, á tan kọ̀ǹpútà níṣojú oníbàárà, títí ojú tẹlifíṣọ̀n á fi di búlúù, tí READY á sì jáde.