Akẹ́kọ̀ọ́ Gẹ́gẹ́ Bí Olùwádìí

Àwọn baba wa a máa wí pé, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jẹ́ òtítọ́, ó ha tọ́ kí olùkọ́ nìkan máa wá ìmọ̀ kiri, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì máa tẹ́wọ́ gbà á lásán bí?

Ní ọdún 1824, Justus Liebig, ẹni ọdún 21, di olùkọ́ kẹ́mísírì ní Yunifásítì Giessen ní ilẹ̀ Jámánì. Kò fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ nìkan. Ó mú wọn wọ ilé iṣẹ́ ìwádìí, kí wọn lè fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé a kọ́kọ́ yẹ ohun tí a ti mọ̀ wò. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ iṣẹ́ náà, a ó fún un ní ìbéèrè tí a kò tí ì rí ìdáhùn sí. Ní òròòwúrọ̀, olúkúlùkù a ròyìn ohun tí ó ṣe ní àná àti èrò rẹ̀ lórí rẹ̀. Liebig a yìn ín, tàbí kí ó tọ́ ọ sọ́nà, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ni í la ọ̀nà tirẹ̀.

Ní ọdún 1831, ó ṣe ohun èlò kan, ìgò róbótó márùn-ún tí a so pọ̀, tí omi pọ́táàṣì wà nínú wọn. Omi yìí a gba èéfín kábọ́ọ̀nù tí ó jáde lára ohun tí a sun. A ó wọ̀n ọ́n ṣáájú, a ó sì wọ̀n ọ́n lẹ́yìn. Ohun tí ó fi wúwo sí i ni a ó fi mọ iye kábọ́ọ̀nù inú ohun náà. Nítorí pé ohun èlò yìí rọrùn, akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú lè ṣe ìwádìí tòótọ́. August Wilhelm Hofmann, ọ̀kan nínú wọn, ni olórí kìn-ín-ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kẹ́mísírì tí a dá sílẹ̀ ní London ní ọdún 1845.

Ohun mẹ́ta ni a rí kọ́: ìbéèrè tòótọ́, ohun èlò tí ọwọ́ lè tó, àti olùkọ́ tí ń béèrè ìròyìn.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí ó bá jẹ́ àkọ́sórí nìkan ni a kọ́, àkọ́sórí náà ni a ó fi lé àwọn ọmọdé lọ́wọ́. Òjò mélòó ní í rọ̀ kí àgbàdo oko ilé-ẹ̀kọ́ wa tó hù? Kò sí ìwé tí ó kọ èyí fún wa. Ẹ jẹ́ kí a wọ̀n ọ́n, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì mú un tọ àwọn olùkọ́ wa lọ.